Báwo Ni Kẹ́hìndé Ṣe Fẹ́ Fi Ọdún Mẹ́ta Kéré sí Táíwò?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Iyán ni mò ń tà ní Ìkéré-Èkìtì, níbi tí ènìyàn ti ń rí òkè Olósùnta kedere láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Àwa onílé ń pè é ní uyán, bí a ṣe ń pe ilé ní ulé. Bí àwọn ará Ọ̀yọ́ tó wà ní ọ́fíìsì yín bá fẹ́ fi wá rẹ́rìn-ín, kí wọ́n kọ́kọ́ wá jẹ ẹ́ ná. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti wà nídìí odó. Mi ò kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn rí, àfi ìgbà kan ní ilé ìwé girama tí tíṣà wa ní kí gbogbo kíláàsì kọ ọ́, tí kò sì fi ẹyọ kan ránṣẹ́ nínú rẹ̀.

Ojú ewé eré ìdárayá yín ló mú mi kọ̀wé. Mo máa ń kà á, ẹ má wò ó pé obìnrin ni mí. Ilé tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń wo bọ́ọ̀lù ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pákó lásán ló pààlà àárín wa, nítorí náà etí ni mo fi mọ bọ́ọ̀lù kí n tó fi ojú mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá hó yèè, góòlù ni. Bí wọ́n bá hó tí wọ́n sì dákẹ́ wẹ́lo, rẹfirí ti fagi lé e nìyẹn. Bí Liverpool bá borí, iyán mi á tán kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù. Bí wọ́n bá jìyà, àwọn ọmọ yẹn á gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé láìkí ẹnikẹ́ni, iyán á sì ṣẹ́kù sí mi lọ́rùn. Ẹ ti wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí.

Ohun tí ẹ ń kọ síbẹ̀ kò ju ta ló ra ta lọ, àti mílíọ̀nù pọ́n-ùn mélòó. Ẹni tó gbá góòlù wọlé ni ẹ ń ya fọ́tò rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn lápá òsì, kò sí nínú ìwé yín rárá. Nọ́ńbà mẹ́ta sì ni ọmọ mi.

Ìbejì ni mo bí. Táíwò ni obìnrin, Kẹ́hìndé ni ọkùnrin. Ọdún 2007 ni, ọjọ́ kan náà, yàrá kan náà, nọ́ọ̀sì kan náà, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ló sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹlẹ́sẹ̀ òsì ni Kẹ́hìndé. Nígbà tó wà ní kékeré, mo lu ọwọ́ òsì yẹn títí tó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀tún jẹun, torí a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ẹsẹ̀ òsì ni mi ò rántí lù, òun gan-an ló wá di ohun tí àwọn kóòṣì ń wá kiri. Ó kúrú díẹ̀. Bàbá rẹ̀ kúrú, bàbá tó bí bàbá rẹ̀ náà ò ga ju ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná lọ. Ṣùgbọ́n kó tó lọ sí pápá láàárọ̀, á ti gún odó méjì fún mi. Bí ẹ bá rí apá rẹ̀, ẹ ó pè é ní alágbẹ̀dẹ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, kóòṣì kan wá bá mi. Oníbàárà mi ni, iyán àti ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́ ló máa ń jẹ, mi ò sì gbọ́ aburú rẹ̀ rí tẹ́lẹ̀. Ó ní, “Ìyá Ìbejì, ọmọ yìí mọ bọ́ọ̀lù, àmọ́ ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Ọdún 18! Àwọn tó ń bọ̀ wá wo àwọn ọmọ, ẹni ọdún 15 ni wọ́n ń wá. Ọpẹ́ ni pé ó kúrú, Ọlọ́run ló fi ṣe yín lóore. Ẹ jẹ́ ká lọ búra ní kóòtù pé ọdún 2010 lẹ bí i.” Ó ní gbogbo wọn ló ní ọjọ́-orí méjì, ti ilé àti ti bọ́ọ̀lù. Owó fọ́ọ̀mù jẹ́ ₦150,000, ti kóòtù tún yàtọ̀. Mo fi owó yẹn ṣírò iṣu: iṣu tí mo ń gún fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni.

Bàbá wọn, tó ń wakọ̀ láti Adó sí Àkúrẹ́, ní kò sóhun tó burú níbẹ̀, ta ló fẹ́ wá wádìí? Mo lọ o. N ò ní purọ́ fún yín lórí ìyẹn, mo gun ọ̀kadà lọ sí kóòtù ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ọkùnrin kan wà lábẹ́ igi níta tó ń bá èèyàn tẹ ìwé ìbúra. Ó ní kí lorúkọ ọmọ. Mo ní Kẹ́hìndé. Ó gbé ojú sókè, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Táíwò rẹ̀ ńkọ́, ṣé òun náà ń búra?” Mo dákẹ́. Ó tún ní, “Àbí ọdún wo lẹ bí Táíwò?” Mo gbé báàgì mi, mo ní mò ń bọ̀. Mi ò padà lọ mọ́.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún wọn nílé, Táíwò rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, “Ìyá mi, ṣé inú yín ni Kẹ́hìndé ṣì jókòó sí fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí mo jáde?” Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló rán Táíwò pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Kóòṣì ti sọ ẹ̀gbọ́n di àbúrò, kò sì fi mọ síbẹ̀, ó tún ní kó fi ọdún mẹ́ta pẹ́ lẹ́yìn ẹni tó rán níṣẹ́. Kí a tilẹ̀ gbé ìyẹn tì, orúkọ bàbá kan náà àti ọjọ́ ìbí kan náà ló wà lórí ìwé WAEC àwọn méjèèjì, òun náà ló wà lórí NIN wọn àti lórí káàdì ìrìbọmi wọn. Táíwò ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ṣé n óò lọ yọ ọdún mẹ́ta lára tirẹ̀ náà ni?

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Táíwò mú fóònù rẹ̀ wá, ó ní kí èmi àti Kẹ́hìndé jókòó. Ó ka ìtàn ọkùnrin ará Skọ́tláńdì kan fún wa. Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ̀ jáde fún àwọn òbí, nígbà tí ẹ kò sì tíì kọ ọ́, mo ní kí n kọ ọ́ bó ṣe yé mi.

Andrew Robertson lorúkọ rẹ̀, Andy ni wọ́n ń pè é. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń gbọ́ “Robbo! Robbo!” láti ẹ̀yìn pákó yẹn. Mo rò pé ìnagijẹ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ àdúgbò ni, èyí tí kì í san owó iná. Àṣé ará Glasgow ni, tí wọ́n bí ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1994. Nọ́ńbà mẹ́ta ni, ẹlẹ́sẹ̀ òsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 26 ló wà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀ ní Liverpool.

Celtic ni ẹgbẹ́ tó fẹ́ràn láti kékeré, ọ̀dọ̀ wọn ló sì ti ń kọ́ṣẹ́ bọ́ọ̀lù. Nígbà tó di ọmọ ọdún 15, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Wọ́n ní ó ti kéré jù, ara rẹ̀ ò tó. Olóòtú, ẹ bá mi dúró síbí díẹ̀. Ọdún 15 tí kóòṣì ní kí n lọ sọ ọmọ mi dà, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n fi lé tiwọn dànù. Kíkúrú tí kóòṣì ní Ọlọ́run fi ṣe mí lóore, òun ni ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ wọ́n.

Ó lọ sí Queen's Park. Ẹgbẹ́ àgbà ni, ọdún 1867 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n títí di ọdún 2019 wọn kì í san owó fún agbábọ́ọ̀lù. Àkọlé ẹgbẹ́ wọn ni pé nítorí eré ni a ṣe ń ṣeré. Hampden Park ni wọ́n ti ń gbá a, pápá tí gbogbo Skọ́tláńdì ń lò, ó gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta èèyàn, ìwọ̀nba ọgọ́rùn-ún díẹ̀ ló sì máa ń wá wò wọ́n. Ìpele kẹrin ni wọ́n wà, ìyẹn ìsàlẹ̀ pátápátá líìgì wọn nígbà náà. Ó bọ́ sí sáà 2012 sí 2013, ọdún tí gbèsè wọ́ Rangers ńlá wá sí ìpele kan náà. Kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbẹ, ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà Hampden yẹn kan náà, ó ń gbé fóònù fún àwọn tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó tún ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Marks & Spencer. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ó kọ ọ́ sórí Twitter pé ayé ò dùn ní ọjọ́-orí òun yìí láìsí owó, òun ń wá iṣẹ́.

Ẹni ọdún 18 ni nígbà tó kọ ọ́. Kẹ́hìndé gba fóònù lọ́wọ́ arábìnrin rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó sì jáde lọ jókòó sórí odó tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀ níta. Mi ò pè é. Ìyá tó bá bí ọmọkùnrin á mọ ìgbà tí kì í pè é.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, 2013, Dundee United mú un, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó oṣù gidi nídìí bọ́ọ̀lù. Mo ti mọ orúkọ ìlú Dundee yìí tẹ́lẹ̀, ẹ ò sì ní gbàgbọ́ ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n kọ́ wa ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nípa Mary Slessor, oyìnbó obìnrin tó lọ sí Kàlàbá, tó dìde sí pípa àwọn ìbejì. Ilé iṣẹ́ aṣọ ní Dundee ló ti ṣiṣẹ́ láti kékeré kó tó wá sí ilẹ̀ wa. Nígbà tí mo bí àwọn tèmi, obìnrin náà ló sọ sí mi lọ́kàn. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹ̀wà la máa ń sè fún ìbejì, a ó sì máa jó. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni, ẹ lè yọ ọ́ bí ààyè ò bá sí.

Ọdún kan ṣoṣo ló lò ní Dundee. Ní oṣù kẹta ọdún 2014, ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, pẹ̀lú Pólàńdì. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yàn án ní ọ̀dọ́mọdé tó pegedé jù ní Skọ́tláńdì lọ́dún náà. Ní oṣù keje, Hull City ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rà á ní mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn ó dín díẹ̀, £2.85m ni ẹ máa ń kọ irú rẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ ká kà á: láti oṣù kẹjọ ọdún 2012 tó ń wá iṣẹ́, sí oṣù keje ọdún 2014. Kò pé ọdún méjì. Àbúrò ọkọ mi kan ń fi irú àsìkò yẹn dúró de ìwé ìgbanisíṣẹ́ kan lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti dùn. Hull já sílẹ̀ kúrò ní Premier League lọ́dún 2015. Wọ́n gòkè padà lọ́dún 2016, wọ́n tún já lọ́dún 2017. Ẹni tó já lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́ta, lọ́dọ̀ tiwa wọ́n á ti ní kí wọ́n lọ wádìí ilé bàbá rẹ̀. Liverpool ló wá rà á ní oṣù keje ọdún 2017, mílíọ̀nù mẹ́jọ pọ́n-ùn ni wọ́n kọ́kọ́ san. Ó dé ibẹ̀ tán, ó jókòó. Alberto Moreno ará Spéìn ló ń gba ipò yẹn, òun ń wò. Oṣù kejìlá ni Moreno ṣèṣe tí àyè ṣí. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó gba àyè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2018, Liverpool na Manchester City ní mẹ́rin sí mẹ́ta. Táíwò fi apá kan níbẹ̀ hàn mí, mo sì ní kó tún un fi hàn mí. Robertson ò gbá góòlù wọlé lọ́jọ́ náà. Ohun tó ṣe ni pé ó ń lé bọ́ọ̀lù. Ó sáré bá ẹni àkọ́kọ́, onítọ̀hún gbá a fún ẹlòmíì, ó sáré bá ìyẹn, wọ́n tún gbá a fún ẹlòmíì, ó ń lé wọn lọ títí ó fi bá gólì wọn nídìí ilé. Bí ìgbà tí adìyẹ bá wọnú àgbàdo tí mo sá síta ni. Ariwo tí àwọn èèyàn pa fún sísá yẹn, góòlù mìíràn ò ní in. Mo sọ fún Kẹ́hìndé pé ìwọ tí o bá ti gún odó méjì kí ilẹ̀ tó mọ́, èémí yìí kì í ṣe èyí tí o kò ní.

Lọ́dún yẹn wọ́n dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Yúróòpù ní Kyiv, Real Madrid nà wọ́n ní mẹ́ta sí ọ̀kan. Lọ́dún 2019, Barcelona ti na Liverpool ní mẹ́ta sí òdo kí wọ́n tó wá sí Anfield, pápá Liverpool. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún, Robertson ti Messi lórí láìtíì jìnnà rárá sí ìbẹ̀rẹ̀ eré. (Mi ò fara mọ́ ọn, wọ́n kì í ti ọmọ ọlọ́mọ lórí.) Ó wá fara gbọgbẹ́, kò lè padà wọlé lẹ́yìn ìsinmi. Wijnaldum ló wọlé dípò rẹ̀, Wijnaldum yìí ló sì gbá góòlù méjì nínú mẹ́rin tí wọ́n fi na Barcelona. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn pákó fọ́ àga mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi sì ta iyán di aago méjìlá òru. Mo rántí alẹ́ náà dáadáa. Mi ò mọ̀ pé ẹni tó jáde tó ń tiro ni mo máa tìtorí rẹ̀ kọ̀wé sí yín lọ́jọ́ kan.

Wọ́n gba ife Yúróòpù ọ̀hún ní Madrid. Wọ́n gba Premier League lọ́dún 2020, èyí tí Liverpool ti ń retí fún ọgbọ̀n ọdún, wọ́n tún gbà á lọ́dún 2025. Ti FA Cup ọdún 2022 wà níbẹ̀ àti àwọn ife míì. Àwọn wọ̀nyí ni ẹ̀yin oníwèé ìròyìn fẹ́ràn, ẹ mọ̀ wọ́n jù mí lọ. Èyí tí ẹ kì í sọ ni pé ní sáà 2018 sí 2019, góòlù mọ́kànlá ló wá láti ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíì nínú líìgì nìkan. Mọ́kànlá! Ẹni tí ń gbé ọbẹ̀ síwájú èèyàn mọ́kànlá tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀, mo mọ bó ṣe ń rí.

Ó ti jẹ́ balógun ikọ̀ Skọ́tláńdì láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2018. Títí di ọdún 2025, ọdún 1998 ni orílẹ̀-èdè yẹn ti lọ sí Ife Àgbáyé kẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́rin ni òun nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 16, Kóńgò (DR Congo) fi pẹnáríìtì já Super Eagles wa kulẹ̀ ní Mòrókò, Nàìjíríà ò sì lọ sí Ife Àgbáyé ti 2026. Ilé wíwò ẹ̀gbẹ́ mi dà bí ilé ọ̀fọ̀. Ẹnì kan sunkún níwájú mi, àgbàlagbà oníyàwó méjì. Ọjọ́ kẹta ìyẹn, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Kẹ́hìndé ní òun ń lọ wo Skọ́tláńdì pẹ̀lú Dẹ́nímáàkì. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, wọ́n sì dá owó epo jẹnẹrétọ̀ jọ. McTominay ti Skọ́tláńdì fò sókè, ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀, ó gbá a wọlé. Dẹ́nímáàkì dá a padà. Skọ́tláńdì tún gbá a, wọ́n tún dá a padà. Àsìkò ti tán kí Tierney tó gbá ẹ̀kẹta, McLean sì gbá ẹ̀kẹrin láti ìdajì pápá. Mẹ́rin sí méjì, bí Skọ́tláńdì ṣe rí ọ̀nà Ife Àgbáyé nìyẹn. Ọmọkùnrin márùn-ún ló hó, ó sì dún létí mi bí ọgọ́rùn-ún.

Lẹ́yìn eré náà, Robertson sọ pé Diogo Jota ni òun ń rò ní gbogbo ọjọ́ yẹn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Pọtogí tí ìjàǹbá ọkọ̀ pa ní oṣù keje ọdún kan náà. Àwọn méjèèjì ti jọ máa ń sọ̀rọ̀ nípa lílọ sí Ife Àgbáyé. Kẹ́hìndé sọ ìyẹn fún mi nígbà tó ń bá mi kó àwo, kò sì wo ojú mi.

Ọdún 31 ni Robertson lọ́jọ́ yẹn, ọdún 31 ti ìyá rẹ̀ gan-an, kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì máa sọ. Wọ́n á ní Skọ́tláńdì kọ́ ni Èkìtì. Òótọ́ ni. Nígbà tí Celtic lé e, ìpele kẹrin wà níbẹ̀ tó ṣubú lé. Ẹgbẹ́ kan wà tí kì í sanwó ṣùgbọ́n tó ní pápá, tó ní eré lọ́jọ́ Sátidé gbogbo, tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá sì ń rán èèyàn wá wò ó. Orí ẹní ni ọmọ tiwọn ń ṣubú lé. Orí ọ̀kadà ni tiwa ń ṣubú lé. Ní Adó, a ní pápá tí wọ́n fi orúkọ Olúyẹmí Káyọ̀dé sọ, ẹni tó wà lára àwọn mẹ́rin tó sáré gba fàdákà fún Nàìjíríà ní Barcelona lọ́dún 1992. Ẹ bá mi bi àwọn tó mọ̀ ọ́n pé ọjọ́ Sátidé mélòó nínú ọdún ni ọmọ ọdún 18 tí kò lẹ́ni lè wọ ibẹ̀ kí ẹnì kan wò ó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ máa kọ nìyẹn. Bí a bá ní ibi tí ọmọ lè ṣubú lé, kò sẹ́ni tó máa lọ yọ ọdún lára rẹ̀.

Ìbúra kóòtù yìí náà, ó ní ibi tó ń já sí. Nígbà tí wọ́n gbá Ife Àgbáyé àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ ní ilẹ̀ wa níbí lọ́dún 2009, FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ya àwòrán egungun ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ náà, àwọn kan nínú àwọn tiwa ò sì kọjá kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Egungun kì í lọ búra lábẹ́ igi. Ẹ̀yin náà sì ti gbọ́ pé iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Èmi tí mò ń gún un, mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ ju ẹni tó ń fi í pa òwe lásán lọ.

Ẹ̀bẹ̀ kan tún kù. Lóṣooṣù, ẹ máa ń gbé fọ́tò àwọn ọmọ tó gba ife “àwọn ọmọdé tí kò tó ọdún 15” jáde. Ẹ máa wo fọ́tò náà dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Nínú èyí tí ẹ tẹ̀ kẹ́yìn, mo mọ ọ̀kan. Ó máa ń ra iyán fún ìyàwó rẹ̀ lọ́dọ̀ mi.

Kẹ́hìndé ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù lálaalẹ́ pẹ̀lú ọdún 18 rẹ̀ pé. Kò tíì sẹ́ni tó mú un. Ó ti gba fọ́ọ̀mù JAMB ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní ọdún kan sí i lòun fún bọ́ọ̀lù, mo ní mo gbà. Kóòṣì yẹn ṣì ń wá jẹun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bi mí bóyá mo ti ro ọ̀rọ̀ náà. Mo bu ọbẹ̀ fún un, mo fi ẹran kan kún un, mo sì gba owó mi kó tó jókòó.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì Oníyán,
Ìkéré-Èkìtì.